Igi Irú Méjìlá Tí Bàbá Mi Fún Mọ́ṣáláṣí

Mo rántí ìgbà tí tọ́rọ́ kan ṣoṣo ń ra irú tó máa kún ọwọ́ méjèèjì ìyá mi, tí ìyá tó ń tà á á tún fi èènì lé e láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tẹ̀lé ìyàwó ọmọ mi dé ọjà ní Ṣakí. Agolo mílíìkì kan péré, irú inú rẹ̀ kò tilẹ̀ kún dé ẹnu, obìnrin tó ń tà á ní ẹgbẹ̀rún kan náírà ni, ó sì ń wò mí bí ẹni tó ń ṣe mí lóore. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, àádọ́ta kọ́bọ̀ là ń fi jẹun lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, a ó sì tún rí adìyẹ jẹ lọ́jọ́ Àìkú. Tí mo bá ń sọ èyí fún àwọn ọmọ-ọmọ mi, wọ́n á máa wojú ara wọn pé bàbá àgbà ti tún bẹ̀rẹ̀. N kò bá wọn jà. Kì í ṣe owó irú náà ló mú mi dúró pẹ́ nídìí àtẹ lọ́jọ́ yẹn. Òórùn rẹ̀ ni. Ó gbé mi kúrò láàárín ọjà, ó gbé mi lọ sí oko bàbá mi ní ọ̀nà Ìgbòho, sábẹ́ àwọn igi irú méjìlá, nínú ọyẹ́, nígbà tí mo ṣì gbà pé kò sí ohun tí mi ò mọ̀.

Ọ̀dàn ni ilẹ̀ tiwa. Nígbà òjò, koríko á ga bo ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà ọyẹ́, gbogbo rẹ̀ á gbẹ, á pọ́n, afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ ẹ síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń ro nǹkan. Igi kọ̀ọ̀kan ló dúró síbẹ̀, tí ọ̀kan jìnnà sí èkejì, òkè olókùúta á sì wà lọ́ọ̀ọ́kán nínú eruku bí màlúù tó dùbúlẹ̀. Ibi tí igi irú bàbá mi wà nìkan ló yàtọ̀. Ẹsẹ̀ méjì ni wọ́n tò wọ́n sí, mẹ́fà lọ́tùn-ún, mẹ́fà lósì, bí ẹni pé ọ̀nà kan wà láàárín wọn tó ń lọ síbì kan. Òdòdó wọn pupa, ó rí róbótó, a máa so rọ̀ bí bọ́ọ̀lù kéékèèké tí a fi okùn gbé kọ́. Tí èso bá gbó, àwa ọmọdé á fọ́ ọ, a ó máa lá ìyẹ̀fun aláwọ̀ ìyeyè inú rẹ̀ títí ẹnu wa á fi rí bíi ti ẹni tó jí nǹkan jẹ, a ó sì kó kóró dúdú tó bá kù fún àwọn ìyá wa tó máa sè é di irú. Mo máa ń sùn lábẹ́ wọn lọ́sàn-án. Títí di òní, tí oorun bá kọ̀ tí kò wá, mo kàn ń di ojú mi ni, màá sì gbọ́ bí ewé wẹ́wẹ́ wọnnì ṣe máa ń dún.

Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í gbin igi irú. Ó máa ń hù fúnra rẹ̀, àgbẹ̀ á kàn dá a sí nígbà tó bá ń ṣán oko. Ṣùgbọ́n bàbá mi gbin tirẹ̀, kí ó tó bí mi. Ó fi ẹ̀gún sọgbà yí wọn ká nítorí ewúrẹ́, ó ń pọn omi fún wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta ni yóò jẹ èso igi tó ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ dàgbà. Wọ́n ní èsì kan náà ló máa ń fún wọn: "Ẹ jẹ́ kó máa dàgbà lọ. Kò gba oúnjẹ lọ́wọ́ yín."

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ níbí kí ẹni tí kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa lè lóye ohun tó ṣẹlẹ̀. Ilẹ̀ tí igi náà wà lórí rẹ̀ kì í ṣe ti bàbá mi nìkan. Ti ẹbí ni, ti gbogbo ọmọ bàbá wọn, kò sì sí ẹni tó lè tà á tàbí kó fi tọrẹ. Ṣùgbọ́n igi jẹ́ ti ẹni tó gbìn ín. Ó lè fún ọmọ rẹ̀, ó lè fún àna rẹ̀, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ á sì wà níbi tó wà, lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Igi lọ́tọ̀, ilẹ̀ lọ́tọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ní àdúgbò wa mọ èyí. Èmi náà mọ̀ ọ́n nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ìgbà tí mo gba oyè ní yunifásítì ni mo gbàgbé.

Bàbá mi kò lọ sí Mẹ́kà. Àwọn tí wọ́n jọ ń kírun nínú mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n dé pẹ̀lú láwàní funfun àti omi sámúsámù, wọ́n di Àlàájì. Bàbá mi kò di Àlàájì nítorí pé owó iṣu àti ọkà bàbà rẹ̀ ń lọ sí Ìbàdàn, sí ibi tí mo ti ń jẹ adìyẹ lọ́jọ́ Àìkú. Orúkọ tí wọ́n wá ń pè é ní mọ́ṣáláṣí ni Bàbá Yunifásítì. Ó máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Mo rò nígbà yẹn pé inú rẹ̀ dùn sí orúkọ náà ju Àlàájì lọ. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. N kò bi í rí.

Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ tí mo sì padà wá sílé fún ìwọ̀nba oṣù díẹ̀, kí iṣẹ́ ìjọba tó dé, mo wọ ṣòkòtò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ débi pé ó ń gbá ilẹ̀ lẹ́yìn mi. Mo bá bàbá mi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wú. Ó ń tiro lọ sí mọ́ṣáláṣí nígbà márùn-ún lójúmọ́, ṣùgbọ́n kò lè dé oko mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó pè mí síbi tó jókòó sí lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Mo fẹ́ ṣe wàsíyà," ó ní. "Ilé, ẹ ó pín in bí Ọlọ́run ṣe ní ká pín ogún. Ẹran ọ̀sìn, bákan náà. Ṣùgbọ́n àwọn igi irú mi, mọ́ṣáláṣí ni mo fẹ́ fi wọ́n fún tí mo bá ti lọ. Kí wọ́n máa ta èso rẹ̀ lọ́dọọdún, kí wọ́n máa fi ra ẹní, kí wọ́n sì fi tún kànga àlùwàlá ṣe. Kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi, kó má di ariwo lẹ́yìn mi."

N kò rí i kó bẹ̀ mí ní nǹkan kan rí kí ọjọ́ náà tó dé. Mo fẹ́ ṣe é kó ju bó ṣe fẹ́ lọ. Mo ti ka ìwé òfin kan fún ìdánwò ọdún kejì mi, ohun tí mo sì dì mú nínú rẹ̀ ni pé lójú òfin àwọn òyìnbó, ohunkóhun tó bá ti ta gbòǹgbò sínú ilẹ̀, ti ilẹ̀ náà ni. Mo wá rò ó pé báwo ni mọ́ṣáláṣí ṣe máa ni igi tí kò ní ilẹ̀? Ẹ̀bùn tó so rọ̀ sókè nìyẹn. Mo kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, mo gbé e lọ bá akọ̀wé tó máa ń tẹ̀wé níwájú kóòtù, ó tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé mẹ́rin, pé bàbá mi fi ilẹ̀ báyìí báyìí, ní gígùn àti ní ìbú, pẹ̀lú gbogbo igi orí rẹ̀, tọrẹ títí láé. Nígbà tí mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá mi, mo yára ka ibi tó gùn, mo fo ibi tí mo rò pé òye rẹ̀ lè má tètè yé e.

"Ṣé gbogbo ohun tí mo sọ ló wà níbẹ̀?" ó bi mí.

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá. Ó tún lé."

Ó wo ìwé mẹ́rin náà, ó gbé wọn wò lọ́wọ́ bí ẹni tó ń díwọ̀n wọn, ó ní, "Ẹ̀yin akọ̀wé," ó sì tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ síbi tí mo fi hàn án.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì lọ́jọ́ kejì, bàbá mi bẹ àwọn ará mọ́ṣáláṣí pé kí wọ́n jókòó díẹ̀. Lèmọ́mù wà níbẹ̀, ọkùnrin tínínrín kan tí ohùn rẹ̀ kéré. Bàbá kékeré mi náà wà níbẹ̀, àbúrò tó tẹ̀lé bàbá mi, ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Ìbejì, tó sì ń sọ̀rọ̀ lórúkọ ẹbí lórí ọ̀ràn ilẹ̀. Lèmọ́mù bi bàbá mi bóyá ohun tó fẹ́ fi sílẹ̀ kò kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta ohun ìní rẹ̀. Bàbá mi ní kò tó bẹ́ẹ̀. Lèmọ́mù tún bi í bóyá tinútinú rẹ̀ ló fi fẹ́ ṣe é. Ó ní tinútinú òun ni. Wọ́n wá fún tíṣà ilé-kéú wa, tó tún lọ sí ilé-ìwé ìjọba, ní ìwé náà pé kó túmọ̀ rẹ̀ fún ìjọ. Tíṣà ò fo ibì kankan.

"Ẹ dúró ná, Tíṣà," Bàbá Ìbejì ní. "Ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀. Wọ́n fi kí ni tọrẹ?"

Tíṣà tún un kà. Bàbá Ìbejì yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò pariwo rárá. "Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀ bàbá wa lẹ tẹ̀ka sí yẹn?"

Bàbá mi wo ìwé náà lọ́wọ́ tíṣà. Lẹ́yìn náà ó wò mí. Títí di òní, mo ṣì ń rí ojú rẹ̀ nígbà tó wò mí, kò bínú, ó kàn dà bíi pé ó ń wá ọ̀nà tí kò ní pa mí lára. Ó lè sọ pé ọmọ òun ló kọ ọ́. Kò sọ ọ́. Ó ní, "Àtàǹpàkò mi ló wà níbẹ̀." Èmi ń wo ẹnu ṣòkòtò mi. Bàbá Ìbejì dìde, àwọn mẹ́ta mìíràn nínú ẹbí wa sì dìde tẹ̀lé e. Lèmọ́mù ká ìwé náà, ó dá a padà sí ọwọ́ bàbá mi, ó ní kó máà bínú, mọ́ṣáláṣí kì í gba ohun tí àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀.

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí gbogbo àdúgbò fi ń sọ ọ́ pé Bàbá Yunifásítì àti ọmọ rẹ̀ fẹ́ fi ẹ̀sìn bojú gba ilẹ̀ ẹbí. Bàbá Ìbejì, tó máa ń wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàárọ̀ kó tó lọ sóko, kò wá mọ́. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kírun nílé. Ó ní ẹsẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ náà wú sí i lóòótọ́, àwọ̀ ojú rẹ̀ sì ń ṣá, ẹ̀rù sì ń bà mí pé yóò lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gba ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ fi sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ kan tó ń jọ ẹ̀lùbọ́, ó kàn sọ ọ́ bí ẹni tó ń bá ajọ̀ ọwọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé, "Ìwé tó o kọ ti lé bàbá rẹ kúrò ní mọ́ṣáláṣí."

Mo gba oko Bàbá Ìbejì lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo bá a tó ń kọ ebè. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde," ó ní. "O ń ba ebè mi jẹ́."

"Ẹ má bínú, Bàbá Ìbejì."

"Ṣé ẹ tún ti rí ilẹ̀ mìíràn tẹ́ ẹ fẹ́ kọ ni? Èyí tí mo dúró lé yìí ńkọ́, ṣé o ti kọ ọ́ tán?" Ó fi orí júwe ọkọ́ kan tó wà nílẹ̀. "Mú un. Mi ò lè máa dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ kí oòrùn máa ràn mí."

Mo ká ṣòkòtò mi dé orúnkún, mo mú ọkọ́. Mo kọ ebè méjì, ó wò wọ́n, ó ní, "Ṣé ebè nìyí àbí ilé ikán tó wó? Ọdún mélòó lo lò níbẹ̀ yẹn?" Mo kọ ìkẹta. Níbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ tí òógùn ń kán sílẹ̀ lójú mi, ó rọrùn díẹ̀ láti sọ ọ́. Mo sọ fún un pé bàbá mi kò dárúkọ ilẹ̀ rí. Igi ló dárúkọ. Èmi ni mo kọ ilẹ̀ sí i, èmi náà ni mo fo ibẹ̀ nígbà tí mo ń kà á fún un, nítorí pé mo rò pé mo gbọ́n jù ú lọ.

Bàbá Ìbejì fi ọwọ́ lé orí ọkọ́ rẹ̀. "Ó sì ní àtàǹpàkò òun ló wà níbẹ̀," ó ní. Ó fi ọwọ́ ha erùpẹ̀ kúrò lára ọkọ́ rẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, o mọ̀ pé mi ò tíì sùn dáadáa látọjọ́ náà? Ẹ̀gbọ́n mi tó tọ́ mi." Ó nu ojú rẹ̀, ó sọ pé òógùn ni. "Èmi nìkan kọ́ ni mo gbọ́ ti àkọ́kọ́. Gbogbo ìjọ ló gbọ́. Níwájú wọn ni kó o ti lọ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n parí poro yẹn ná."

Mo parí poro náà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, lẹ́yìn ìrun Alásárì, mo dìde níwájú ìjọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láìfi Gẹ̀ẹ́sì kankan kún un. Nígbà tí mo parí, bàbá arúgbó kan lẹ́yìn rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Áà, Yunifásítì, wọ́n ò kọ́ yín ní igi níbẹ̀," gbogbo mọ́ṣáláṣí sì bá a rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní oró nínú. Lèmọ́mù béèrè ẹni tó máa lọ pe bàbá mi wá. Bàbá Ìbejì ti wọ bàtà rẹ̀.

Wọ́n gbà pé a ò ní kọ ìwé mìíràn. Bí wọ́n ṣe ń fi igi lélẹ̀ nílẹ̀ wa ni a ó fi í lélẹ̀: ẹni tó ni ín á lọ bá igi náà, á fọwọ́ bà á, á sọ ẹni tó fi í fún, àwọn ẹlẹ́rìí á sì dáhùn. Àwa méje la lọ láàárọ̀, bí ọyẹ́ ṣe bo gbogbo ilẹ̀ tó fi jẹ́ pé oòrùn kò ju ẹyin adìyẹ lọ. Bàbá Ìbejì fi kẹ̀kẹ́ gbé bàbá mi, ó ń tì í, kò gùn ún. Lèmọ́mù, tíṣà àti èmi tẹ̀lé wọn, ìyá mi àti Ìyá Ìbejì, aya bàbá kékeré mi, ń bọ̀ lẹ́yìn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ àwọn igi náà, n kò rí ibi tí ọ̀dàn ti parí tí òfuurufú ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn igi nìkan ni mo rí, bí ẹni tó dúró dè wá.

Bàbá mi fi ọwọ́ kan èyí àkọ́kọ́. "Eléyìí, mọ́ṣáláṣí ni mo fún."

Gbogbo wa ní, "A gbọ́."

Ó lọ bẹ́ẹ̀ láti orí ọ̀kan dé èkejì, kò yára. Nídìí àwọn kan, ó dúró pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ó ń fi ọwọ́ pa èèpo wọn, bóyá ó ń rántí ewúrẹ́ tàbí omi tó pọn. Nídìí ìkẹjọ, ó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó sórí gbòǹgbò. Bàbá Ìbejì gbá a mú lábẹ́ apá títí tí wọ́n fi dé orí ìkejìlá. Nígbà tí a dáhùn tán, Bàbá Ìbejì kò jẹ́ ká lọ. Ó ní òun náà fẹ́ sọ̀rọ̀ lórúkọ ẹbí. "Ilẹ̀ abẹ́ wọn, ti ẹbí ni, ibẹ̀ ló sì máa wà. Ṣùgbọ́n ẹnì kankan nínú wa ò ní dá oko débi tí òjìji wọn bá dé. Èmi ni màá sì máa ro eteetí wọn lọ́dọọdún kí iná ọ̀dàn má bàa dé ibẹ̀."

Bàbá mi wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́, ó ní, "Ẹ ò rí i, ó ti fún wọn ní ilẹ̀ náà tán," àwọn obìnrin méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín.

Bàbá mi lọ ní òjò àkọ́kọ́ ọdún náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi rìn dé mọ́ṣáláṣí títí di ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e, àwọn tó ń se irú wá ra èso, mọ́ṣáláṣí sì ra ẹní tuntun tí òórùn koríko rẹ̀ kò tíì lọ. Mo fi iwájú orí mi kan án nígbà tí mo wá sílé láti ibi iṣẹ́. Bàbá Ìbejì mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ títí ọkọ́ fi wúwo jù fún un.

Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì tí mo sì padà wá sílé. Àwọn tó ń sun èédú ti gé ọ̀dàn náà lọ títí dé ọ̀nà ńlá, àwọn kan sì ti wá bi mí léèrè, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, pé ìwé wo ló fi hàn pé mọ́ṣáláṣí ló ni igi irú tó wà nínú oko ẹbí wa. N kò ní ìwé kankan láti fi hàn wọ́n. Ẹnu àwa méje ló wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó àwọn ọmọ ẹbí àti Lèmọ́mù tuntun lọ síbẹ̀ ní ọyẹ́ tó kọjá, tí mo fi ọwọ́ kan èyí tó kù nínú wọn, mẹ́sàn-án, tí mo sì sọ ohun tí mo gbọ́. Mo tún fi tèmi kún un: ogún igi kajú tí mo gbìn nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, kí wọ́n di ti mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn mi. Igi nìkan o. Mo tẹnu mọ́ ọn débi pé àwọn ọ̀dọ́ ń wo ara wọn. Mo sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ báyìí, ní Yorùbá, láìfo ibì kankan.

Nínú àwa méje tó rìn yí àwọn igi náà ká láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, bàbá mi ló kọ́kọ́ lọ. Lèmọ́mù tẹ̀lé e, lórí ẹní ìkírun rẹ̀. Tíṣà kú lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ìlọrin. Bàbá Ìbejì lọ ní ọdún tí iṣu ta jù, wọ́n ní ó ń bínú pé òun kò ní lè wa iṣu náà. Ìyá mi lọ lójú oorun. Ó ku Ìyá Ìbejì, tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, tó ti gbàgbé orúkọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi í nípa igi irú, á gbé orí sókè, á ní òun gbọ́, ẹ̀ẹ̀mejìlá. Ó sì ku èmi.